Ṣí Akoto Yẹn, Gbénga

Ẹ má bi mí ní orúkọ ìlú tí àbúrò mi Gbénga lọ, torí ẹnu mi kò gbé e. Ọmọkùnrin mi Tiwalọlá ló máa ń pè é geere bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé ogun jà níbẹ̀, wọ́n ní ó ti tán, wọ́n sì ń wá àwọn tó lè bá wọn tún pápá ọkọ̀ òfurufú tí bọ́ǹbù fọ́ kọ́. Gbénga lọ. Ní àárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọmọ mi náà ti di báàgì rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, ó wá jókòó tì í gbágbáágbá kí n má baà gbé e pamọ́.

Theresa ni orúkọ mi. Ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ọ̀wọ̀, bí ẹ bá sì bi àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n á ní inú máa ń tètè bí mi. Wọn ò purọ́. Tiwalọlá nìkan ni mo bí. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ilé àti ọ̀nà kíkọ́ ní Pólì, ó gboyè, ó sin ìjọba tán, láti ìgbà náà kò sì ríṣẹ́ kankan ju kí ó máa bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó ẹ̀gẹ́ láti Isuada wá sọ́jà. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn ilẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀ ló máa ń wà tó ń tì í. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n kí nǹkan máa dùn mí l'Ọ̀wọ̀, níbi tí mo ti lè rí ọmọ mi lójoojúmọ́, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju kí n máa fi fóònù wá a kiri lọ.

Gbénga ni àbíkẹ́yìn ilé wa. Ẹ̀yìn mi ló ti rìn kó tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, torí ìyá wa ń ṣàìsàn nígbà yẹn. Ọ̀dà títì ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí a bá jọ ń gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ, àfi kó ní kí dírẹ́bà dúró níbi ihò kan, kó sọ̀kalẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀, kó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bú kọngilá tó ṣe é. Àwọn èrò inú ọkọ̀ á máa pòṣé. Èmi á ní, "Gbénga, ghá wọ mọ́tò, jàre." Kò ní dá mi lóhùn títí tó fi máa bú u tẹ́rùn.

Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀hún, ohùn rẹ̀ kì í wọ́n lórí Wọ́sáàpù. Ó ní bọ́ǹbù ti gbẹ́ ihò sójú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé, òmíràn fẹ̀ tó yàrá méjì. Ó ní àwọn kan tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà kàn ń da ọ̀dà sínú ihò ni, bí òjò bá ti rọ̀ ó ti rì. Òun ní kí wọ́n gé etí ihò náà kó gún, kí wọ́n kó gbogbo ilẹ̀ rírọ̀ tó ti jóná jáde, kí wọ́n to òkúta sí i, kí katapílà tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tún to òmíràn, kí ó tún tẹ̀ ẹ́, kó tó wá kan ọ̀dà. Ibi tí bọ́ǹbù tí kò bú bá wà, wọ́n á fi ọ̀dà pupa yí i ká, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ó ní ilé gogoro tí wọ́n ti ń darí bàálù kò ní orí mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti kan páànù tuntun sí gbọ̀ngàn tí àwọn èrò máa ń jókòó sí. Ọjọ́ tí bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀, bàálù kékeré kan tó kó oògùn wá, àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó sá kọjá lórí ibi tí Gbénga ṣe, kò mì rárá. "Aǹtí mi," ni ohùn rẹ̀ wí, "mo sunkún bí ọmọdé." Mo gbọ́ ohùn yẹn léraléra. Mo gbé e fún àwọn tó wà ní ọ́fíìsì mi gbọ́, títí wọ́n fi ní kí n jẹ́ káwọn gbádùn.

Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ ò wá mọ́. Rédíò ní ìbọn tún ti ń dún ní ẹ̀yìn ìlú náà. Mo lọ bá Tòkunbọ̀, ẹ́jẹ́ǹtì tó kó wọn lọ, ó ní ibi tí ìbọn ti ń dún jìnnà sí pápá náà, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára. Ará Àkókó ni àwọn òbí Tòkunbọ̀, òwò ló gbé wọn wá s'Ọ̀wọ̀ kí wọ́n tó bí i, a sì mọ̀ ọ́n láti kékeré. Kì í ṣe ọmọ burúkú. Ẹnu rẹ̀ ló dùn jù, tí ẹnu èèyàn bá sì dùn tó bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á máa gba ara rẹ̀ gbọ́. Kò pẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ mìíràn jọ, wọ́n ní wọ́n tún nílò òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni Tiwalọlá ti fi orúkọ sílẹ̀ láìsọ fún mi. Páásípọ́ọ̀tì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lábẹ́ ìrọ̀rí.

A jà. A jà débi pé àwọn ará ilé wá là wá. Ó ní, "Màámi, uṣẹ́ ni mò ń lọ ṣe, kì í ṣe olè." Mo ní kò ní lọ. Ó ní òun á lọ. Bí a ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn tí Igogo, ọdún ìlú wa, fi wọlé.

Nígbà Igogo, kò sí fìlà, kò sí gèlè, kò sí ìlù, kò sí ìbọn. Agogo nìkan ni à ń lù. Ẹni tó bá gbàgbé tó dé nǹkan sórí jáde, àwọn ọmọ àdúgbò ni yóò rán an létí, wọn kì í sì í fi jẹ́jẹ́ ṣe é. Kátólíìkì ni mí, mo sì ń gba ara Olúwa, ṣùgbọ́n inú báàgì ni gèlè mi máa ń wà títí n óo fi dé inú ṣọ́ọ̀ṣì, inú báàgì ló sì ń padà sí. Fadá mọ̀. Kì í bi wá ní nǹkan kan.

Ti Gbénga wá le ju tiwa lọ. Àwọn ará ilé ìyá wa ní Ìlórò wà lára àwọn tó ń jó ọdún náà, láti kékeré ló sì ti ń tẹ̀lé wọn jó. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ọ̀nà Imeri, fọ́mánì ní dandan ni kó dé akoto, fìlà líle àwọn òṣìṣẹ́, níbi iṣẹ́, ọdún sì ti dé. Gbénga ò bá a jà. Ó gba ìsinmi, ó wálé, ó jó ọdún rẹ̀ tán, ó padà síṣẹ́. Ọdọọdún ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kódà lọ́hùn-ún, ó sọ fún mi pé òun ti bẹ ọ̀gá òun pé bí àsìkò náà bá tó, kí wọ́n fi òun sí ibi tí wọ́n ti ń dáná, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ní fi akoto dá òun lágara. Ó ní ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbà fún òun.

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já nígbà tí Tòkunbọ̀ fi àwòrán Gbénga ránṣẹ́ sí gbogbo wa ní àárọ̀ Sátidé yẹn. Gbénga dúró lórí ọ̀dà, ó na àtàǹpàkò sókè, akoto sì wà lórí rẹ̀, ó so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Tòkunbọ̀ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òní gan-an ni wọ́n yà á, pé ara gbogbo wọn le.

Inú Tiwalọlá dùn, ó na fóònù sí mi. "Ẹ rí i báyìí? Àǹkù Gbénga nìyẹn."

"Mo rí i. Kí ló dé sórí?"

Ó wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. "Màámi, tìtorí akoto?"

"Tìtorí akoto ni."

"Níbi tí bọ́ǹbù wà nínú ilẹ̀, ẹ fẹ́ kó máa rìn láìdé nǹkan kan?"

Ọ̀rọ̀ gidi ló sọ, ó sì dùn mí pé ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n mo mọ àbúrò mi. Bí àwòrán yẹn kì í bá ṣe ti tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé ibi tí Gbénga wà, kò lè sọ pé rárá fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo sọ ọ́ fún Tiwalọlá bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn. Mo ní, "Ó dáa. Jẹ́ ká lọ bá Tòkunbọ̀. Kó pe Gbénga kí n fi ojú mi rí i. Bó bá ní k'o ghá, èmi fúnra mi ni n óo gbé báàgì ẹ sínú mọ́tò."

"Bí kò bá wí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"O ó jókòó s'ulé."

Ó gbà kíákíá, torí ó dá a lójú. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù jù.

Jemimah, ìyàwó Gbénga, ti gòkè láti Iyere wá bá wa torí àwòrán náà. Oyún inú rẹ̀ ti tóbi, ó ń mí gùlegùle, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rí ojú ọkọ òun. Mi ò sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un. A kó sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá kan, báàgì Tiwalọlá wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọmọ.

Ọ́fíìsì Tòkunbọ̀ wà ní títì Ìkàrẹ́, inú ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ya fọ́tò tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí Èkó ti wà níwájú rẹ̀, dírẹ́bà ti tan ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ilé, gbogbo wọn pẹ̀lú orí lásán. Mo mọ àwọn kan nínú wọn. Oyèníyì ọmọ Isuada wà níbẹ̀, ẹni tó ń bá wa rẹ́ igi ọgbà. Bí mo ṣe wọlé, Tòkunbọ̀ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ Mà. Mo mọ̀ pé ẹ máa wá ṣàdúrà fún wọn."

"Mi ò wá ṣàdúrà. Pe Gbénga fún mi. Fídíò ni mo fẹ́, kí n rí i."

"Mọ́mì, ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Bàálù kì í dúró de èèyàn."

"Bí o bá tètè pè é, kò ní í ní láti dúró de ẹnikẹ́ni."

Ó ní kò rọrùn bẹ́ẹ̀, pé ọ̀gá kan ló ń tọ́jú fóònù wọn lọ́hùn-ún. Mo bi í pé irú ọ̀gá wo ló ń gba fóònù lọ́wọ́ àgbàlagbà tó wá tẹ ọ̀dà. Ó ní ọ̀rọ̀ ààbò ni. Àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Tòkunbọ̀ rí i pé wọ́n ń wo ara wọn, ó sì yára fa fóònù yọ, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá jáde pẹ̀lú iyèméjì, wọ́n lè má dé Èkó. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan. A dúró. Ó pè, wọn ò gbé e. Dírẹ́bà fọn fèrè. Ó tún pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Jemimah di ọwọ́ mi mú. Tiwalọlá ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Mo ń gbàdúrà pé kí wọ́n má gbé e, mo tún ń gbàdúrà pé kí wọ́n gbé e.

Wọ́n gbé e. Tòkunbọ̀ gbé fóònù náà ti pákó kan lórí tábìlì kí gbogbo wa lè rí i. Ojú Gbénga yọ. Ó ti rù. Akoto wà lórí rẹ̀, ó dúró síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti mọ́ ojú rẹ̀ nìkan, láti ọrùn lọ sókè. Ẹlòmíràn ló bá a di fóònù mú.

Jemimah ké. "Bàbá Ọláyọ̀! Bàbá Ọláyọ̀, ṣé ẹ ń jẹun?"

"Ẹ káàárọ̀ o," ni Gbénga wí. "Mo wà dáadáa. Iṣẹ́ wa ń lọ déédéé. Oúnjẹ wà, ibùsùn wà. Kí àwọn ọmọ náà máa bọ̀."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí Gbénga, kò fi Yorùbá ilé ìwé bá mi sọ̀rọ̀ rí. Èdè ilé wa là ń sọ. Báyìí ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ní kó kà á sókè, kò sì wo ojú wa. Òkè fóònù ló ń wò, ojú ẹni tó dì í mú.

Tiwalọlá sún mọ́ tábìlì. "Àǹkù, èmi Tiwa ni. Ṣé kí n máa bọ̀ lóòótọ́?"

Gbénga tún gbé ojú sókè wo ẹni tó di fóònù mú.

"Máa bọ̀," ló wí.

Tiwalọlá yí padà sí mi. Kò bú mi, kò fi mí ṣẹ̀sín, ó kàn gbé báàgì rẹ̀, ó nà án sí mi. Mo ti ṣèlérí pé èmi ni n óo gbé e. Àwọn tó kù ti ń dìde lórí bẹ́ǹṣì. Tòkunbọ̀ na ọwọ́ láti pa fóònù náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ọkàn yín ti balẹ̀ báyìí."

Kò balẹ̀. Inú ló bí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: kì í ṣe pé mo ní ète kan lọ́kàn. Inú bí mi pé àbúrò mi tó kọ̀ fún fọ́mánì, tó kọ̀ fún gbogbo ayé, dúró síwájú mi lọ́jọ́ ọdún pẹ̀lú nǹkan lórí, ó ń pe ọmọ mi wá, kò sì lè wo ojú mi. Mo gbá ọwọ́ Tòkunbọ̀ kúrò.

"Gbénga!"

"Mà."

"Kí ni ghan ń ṣe n'ulé lónìí?"

"Igogo ni, Aǹtí mi."

"Kí ló wá wà l'órí ẹ?"

"Ghan kì í jẹ́ ká ṣí i níbí."

"Mi ò bi ẹ́ léèrè ghan. Èmi tí mo pọ̀n ẹ́ l'ó ń bá ẹ sọ̀rọ̀. Ṣí akoto yẹn."

Jemimah fà mí láṣọ. "Aǹtí, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀." Tiwalọlá ní, "Màámi, ó tó!" Mo tún un sọ.

"Gbénga, ṣí i."

Ìgbà yẹn ló wo ojú mi. Ó wò mí pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo Tiwalọlá, ó wo báàgì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó tú okùn abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣe gòkè, ohun kan tó fi kọ́ èjìká lẹ́yìn yọ̀ wá síwájú, ó dábùú àyà rẹ̀. Ó dúdú, ẹnu rẹ̀ gùn wọ inú ìmọ́lẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Kò sí ọmọ kan lórí bẹ́ǹṣì yẹn tó ní láti béèrè ohun tó jẹ́.

Ó lè tì í padà sẹ́yìn. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò tì í. Ó ṣí akoto náà, ó gbé e sọ́wọ́, wọ́n ti fá orí rẹ̀ mọ́ kanlẹ̀. Ó fà sẹ́yìn síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti kan gbogbo ara rẹ̀, ó wá yí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fi aṣọ tuntun hàn, títí a fi rí ìbọn náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti aṣọ ológun tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Aǹtí mi, ẹ kú ọdún," ló wí. "Tiwa, ṣé o rí mi?"

Ẹnì kan pariwo ní èdè tí a ò gbọ́. Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀gbẹ́, ó gbá Gbénga lójú. Fóònù jábọ́. Fún ìṣẹ́jú díẹ̀, òrùlé nìkan la rí, páànù tuntun tí ihò ńlá wà láàárín rẹ̀, tí ojú ọ̀run ń yọ níbẹ̀. A ń gbọ́ ẹsẹ̀. A ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lu nǹkan. Mo mọ̀ pé èèyàn ni wọ́n ń lù. Lẹ́yìn náà ojú fóònù ṣókùnkùn.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ níta ṣì ń kù. Tòkunbọ̀ gbé fóònù náà, ó tún pe nọ́ńbà náà, kò lọ. Ó ní, "Bóyá wọ́n fún un ní ìbọn láti máa fi ṣọ́ irinṣẹ́ ni. Àwọn olè pọ̀ níbẹ̀." Ó wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tó máa bá a gbà bẹ́ẹ̀. Kò rí ẹnì kankan. Oyèníyì dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Mo rò pé inú ọkọ̀ ló ń lọ, mo ti fẹ́ pariwo lé e lórí. Ó gba iwájú ọkọ̀ náà kọjá, ó sọdá títì, ó ń lọ lọ́nà Isuada láìwẹ̀yìn. Àwọn tó kù tẹ̀lé e jáde, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni dágbére.

Dírẹ́bà tún fọn fèrè. Tòkunbọ̀ fò dìde, ó pariwo láti inú ilé, "Pa ẹ́ńjìnnì yẹn! Pa á!" Ó padà jókòó, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Àbúrò ìyàwó mi wà níbẹ̀," ló wí. "Èmi ni mo kó o lọ. Èmi ni mo gbé e dé ẹ́pọ́ọ̀tì." Mo fẹ́ bú u. Mo ti kó ọ̀rọ̀ burúkú jọ fún un láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo wò ó, mi ò lè bú u mọ́.

Tiwalọlá ti gbé báàgì sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó ṣì ń wo fóònù tó ti kú lórí tábìlì. Mo fà á mọ́ra níwájú gbogbo èèyàn, ó sì jẹ́ kí n fà á, ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe láti ìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Inú mi dùn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ẹni tó jókòó lẹ́yìn mi.

A wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Jemimah kò sunkún. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó ń wo ìta. Mo ní a óo lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ Ajé, a óo kọ ìwé, a óo wá àwọn tó mọ àwọn èèyàn l'Ábújá. Mo ní Fadá ní ọ̀rẹ́ kan níbi tí wọ́n ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ òkèèrè. Mo ń sọ̀rọ̀, mo ń sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ mi, mo mọ̀ pé ó ń gbọ́.

Nígbà tí a wọ pálọ̀, mo bu omi fún un. Kò gbà á.

"Ẹ̀yin lẹ ní kó ṣí i," ló wí.

"Jemimah, mi ò mọ̀. Ọlọ́run gbọ́, mi ò mọ ohun tó wà lọ́rùn rẹ̀."

"Ẹ̀yin ò mọ̀. Òun mọ̀." Kò gbóhùn sókè rárá. "Ó mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún òun bí ó bá ṣí i. Bí ẹ bá ti jẹ́ ká kàn kí i, ká pa fóònù, wọn ì bá má lù ú. Mo bẹ̀ yín. Mo fà yín láṣọ."

"Tiwa ì bá ti lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Tiwa ì bá ti lọ." Ó wò mí. "Ẹ ti rí ọmọ yín gbà, Aǹtí. Ọkọ mi lẹ fi gbà á. Ta ni mo máa fi gba tèmi?"

Tiwalọlá ti wọlé tẹ̀lé wa, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó rìn wá síwájú Jemimah, ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi iwájú orí kan ilẹ̀.

Jemimah kò ní kó dìde. Èmi náà kò lè sọ pé kó dìde.